Ọdẹ́dínà àti Ẹni Tó Kọ Ẹgbẹ̀rún Wáàtì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹ sún mọ́bí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo, n kò sì ní tún un sọ fún ẹni tó bá ń tòògbé.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́dínà ni, ọmọ Ògúnṣakin, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́jìnmí tó fi ọwọ́ lásán fa ẹkùn jáde nínú ihò, tó sì kọ́kọ́ bá a wí kó tó pa á. Ọdẹ́dínà, apẹfọ̀n-má-sinmi, ọkọ Oyèníkẹ̀ẹ́, ọkùnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà tó yí abúlé Ìdí-Àbo ká. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni nígbà tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Bí Ọdẹ́dínà bá ní òjò ń rọ̀, ẹ yáa wá agboòrùn, kódà bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, àfi bí ẹ bá fẹ́ ìjà.

Ohun kan wà tó fi ń yangàn ju ẹfọ̀n mẹ́rìnlá tó pa lọ, ìwé kíkà sì ni. Kò sí ẹni tó rán an lọ sílé ìwé nígbà èwe. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kó tó mú ìwé ABD, tó jókòó sábẹ́ igi, tó ń bá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọ̀yá ìjà títí gbogbo wọn fi túúbá. Láti ọjọ́ náà ni ohunkóhun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti di òtítọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ka ara páálí ọṣẹ, ó ń ka ara àpò sìmẹ́ǹtì, ó ń ka ohun tí wọ́n ń tà lórí fóònù. Ó gbà pé ẹnu ni irọ́ ń gbé. Ẹni tó jókòó, tó fara balẹ̀, tó mú gègé kọ nǹkan, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Ní ọdún náà, wọ́n kọ́ yàrá ìtọ́jú kékeré kan sí Ìdí-Àbo, wọ́n sì rán Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní wá. Nọ́ọ̀sì ní bí àwọn ará abúlé bá lè wá iná tí yóò mú kí fíríìjì máa tutù láìdáwọ́ dúró, òun yóò gba oògùn oró ejò wá síbẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn, nítorí pé lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń sun igbó ni paramọ́lẹ̀ máa ń sá jáde, ìlú sì jìnnà; àwọn tí wọ́n gbé sórí ọ̀kadà tí ẹ̀mí bọ́ lára wọn lójú ọ̀nà kò ṣeé kà tán. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n fà á lé Ọdẹ́dínà lọ́wọ́, òun ló ṣáà mọ̀wé. Ó tẹjú mọ́ fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì rí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún wáàtì sí, tó sì pọ́ọ́kú ju ti gbogbo ọjà lọ. Ó rà á.

Ọjọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì dé, Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Èyí tó wà lórí òrùlé ọsibítù wa ní ìlú gùn jù mí lọ, irínwó wáàtì ni wọ́n kọ sí i. Èyí kò ju tábìlì tí mo fi ń jẹun lọ. Báwo ló ṣe wá di ẹgbẹ̀rún?"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé o rí ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àbí o kò rí i?"

"Mo rí i, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ ká pe oníná wá láti ìlú, kó wọ̀n ọ́n, kí n tó gbé oògùn wá."

"Kó wọn kí ni? Ohun tí wọ́n ti kọ lo tún fẹ́ wọ̀n? Tàbí torí pé mo ti hu ewú kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B?"

Oyèníkẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ, ó ní, "Bàbá Ọlọ́ládé, ẹ rọra o," ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọdẹ́dínà ti mú ìbọn rẹ̀ níbi tó fi ti ògiri, ó ti fi ahọ́n kan irin rẹ̀ lójú gbogbo abúlé.

"Bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì yìí kì í bá ṣe òtítọ́, kí irin má mọ̀ mí mọ́!"

Ọdẹ kì í fi irin ṣeré. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ ọdẹ ni, kò jiyàn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbé oògùn wá, ìgò mẹ́fà.

Fíríìjì tutù fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé bátìrì tí wọ́n rà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ti ní iná nínú tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì wà ní ìpàdé ní ìlú. Nígbà tó máa fi dé, fíríìjì ti gbóná bí àpótí aṣọ, oògùn sì ti bàjẹ́. Ó sunkún, ó da ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù, ó sì pe oníná. Oníná gbé mítà rẹ̀ lé pánẹ́ẹ̀lì nínú oòrùn ọ̀sán, ó ní ọgọ́fà wáàtì ló wà níbẹ̀, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mítà yẹn ti mutí," ni Ọdẹ́dínà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó bá ọ̀yà kan pàdé ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó yìnbọn, kò dún. Ó tún yìn ín, kò dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀yà náà gbójú sókè, ó wò ó, ó sì rọra ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ara Ọdẹ́dínà tutù wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní Ìdí-Àbo, lọ́jọ́ ọdún Ògún, gbogbo ẹni tó bá ti fi irin búra láàárín ọdún yóò jáde, yóò sì tún ìbúra rẹ̀ sọ pẹ̀lú ahọ́n lórí irin. Bó bá jẹ́ irọ́, kì í pé ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kò ní kú, ṣùgbọ́n wọn yóò gba ìbọn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Fún ọ̀dọ́, ọdún mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Fún ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó ti parí nìyẹn. Ọdún Ògún sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbọ́ èrò tí alágídí náà gbà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti kọ ẹgbẹ̀rún, tí ọgọ́fà sì wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tí ìyókù wà. Òun yóò wá a rí, yóò sì fi ìyókù sí i. Ó gun orí òrùlé yàrá ìtọ́jú níbi tí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì sí, ó ṣí ìwé fàdákà tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún sí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó fi í sínú àpò ọdẹ rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó kọrí sí Igbó Ọ̀sán-Gangan, ibi tí àwọn àgbà ọdẹ ní gbogbo fáàrí ayé ti ń wá, igbó tí oòrùn kì í kúrò ní àtàrí, tí igi kì í ní òjìji, tí ẹyẹ ń fi ìyẹ́ ara wọn fẹ́ ara wọn bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Gbogbo ohun tó ń gbé inú igbó náà ló so pátákó mọ́ àyà, wọ́n sì kọ agbára wọn síbẹ̀ gàdàgbà gadagba. Ẹni tó kọ́kọ́ dínà ni Gìrìpá Olórí-Mẹ́rin, awọ ara rẹ̀ bí èèpo ìrókò, eyín rẹ̀ bí àdá tó ti dógùn-ún, orí kan ń wúkọ́, èkejì ń sín, ẹ̀kẹta ń bú ẹ̀kẹrin. Ohun tó wà lára pátákó rẹ̀ ni AGBÁRA ẸGBẸ̀RÚN ỌKÙNRIN.

"Arúgbó," ni orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pariwo, "ta ló ni ọ́ tí ìyà fi fẹ́ jẹ ọ́ báyìí?"

"Èmi ni Ọdẹ́dínà, ọmọ Ògúnṣakin tó fi ọjọ́ kan sun igbó tí à ń fi ọ̀sẹ̀ méje là kọjá, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́jìnmí tí ẹkùn ń kí ní ẹ kú àárọ̀! Àwọn tó bí mi kò yà fún nǹkan rí!"

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kan pátákó, ó sì kà á. Ẹ̀rù bà á, nítorí pé ó ti wà ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òmìrán náà kò nípọn ju ọ̀pá ẹ̀gẹ́ lọ. Ọdẹ́dínà rántí Nọ́ọ̀sì. Ó nàka sí òkúta kan tó tó àgbò ńlá.

"Gbé e kí n rí i."

Gìrìpá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Ó mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó làágùn, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dá ara wọn lẹ́bi, òkúta kò mira. Pátákó àyà rẹ̀ já bọ́, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ó ń dínkù, títí ó fi ku ìdá kan nínú mẹ́jọ, tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ. Ó sá wọ inú koríko.

Báyìí ni Ọdẹ́dínà rí ọgbọ́n ibẹ̀. Ó bá Elétí-Igba pàdé, tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń gbọ́ bí èèrà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ ń kí ọ," kò gbọ́: olú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí tí wọ́n ń pè ní etí. Ó bá Ẹlẹ́nu-Iná pàdé, tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń se ọgbọ̀n ìkòkò lẹ́ẹ̀kan; ó gbé ègé iṣu kan sí i lẹ́nu, ó jókòó títí sùúrù rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iṣu sì jáde ní tútù. Ó bá Ẹsẹ̀-Ìjì, ó bá Abìyẹ́-Márùn-ún, ó bá abàmì kan tí wọ́n kọ sí i lára pé ó lè gbé odò mì, tí ife omi kan sì há lọ́fun. Gbogbo wọn ló ń bú u ní arúgbó yẹpẹrẹ. Ó kàn ń dáhùn pé, "Ṣe é kí n rí i," wọ́n sì ń dínkù níkọ̀ọ̀kan.

Níkẹyìn ó dé ibi ọ̀gán pupa kan. Lórí rẹ̀ ni ìwin kékeré kan jókòó sí, ìka rẹ̀ gùn bí ẹ̀gún òòrẹ̀, ìkòkò tàdáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọ pátákó, kò sì gbójú sókè. Akọ-má-wọ̀n ni orúkọ rẹ̀.

"Má dí mi lọ́wọ́, bàbá. Ọjà ń lọ."

Ọdẹ́dínà na ìwé fàdákà náà sí i. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni. Ó rẹwà, àbí? Wo bí òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí rogodo."

"Ọgọ́fà péré ló wà níbẹ̀. Fi ìyókù sí i."

Akọ-má-wọ̀n rẹ́rìn-ín títí tàdáwà fi tà sí i lójú. "Ìyókù wo? Èmi kò ṣe agbára rí láyé mi. N kò tilẹ̀ rí pánẹ́ẹ̀lì yín sójú. Àwọn tó ń tà á gbé ìwé wá, mo bi wọ́n pé mélòó ni ojú ẹni tó fẹ́ rà á ń wá, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún. Mo kọ ọ́."

"Ènìyàn yóò kú nítorí ohun tí o kọ!"

"Nọ́ọ̀sì yín ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ta ló ní kí wọ́n má wọ̀n ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọdẹ́dínà lára ju ọta lọ. Ó fi ìdí ìbọn fọ́ ìkòkò tàdáwà náà yángá. Akọ-má-wọ̀n na ọwọ́ sẹ́yìn ọ̀gán, ó mú òmíràn. Wọ́n tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ, kò lópin.

"Kí ni wọ́n kọ sí tìrẹ, arúgbó?"

Ọdẹ́dínà wo àyà ara rẹ̀. Pátákó wà níbẹ̀. ỌDẸ TÍ KÌ Í PURỌ́ ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

"Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn o," ni ìwin náà wí. "Gbé e kí a rí i!"

Gbogbo igbó gbà á lẹ́nu rẹ̀, olórí mẹ́rin, ẹlẹ́tí olú, ẹlẹ́nu tútù, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Gbé e kí a rí i! Gbé e kí a rí i!" Ọdẹ́dínà rí i pé koríko tó wà ní ìbàdí òun lẹ́ẹ̀kan ti dé èjìká òun báyìí. Òun náà ti ń dínkù.

"Màá gbé e," ó pariwo, "ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí! Ibi tí mo ti kọ ọ́ ni mo ti máa gbé e!"

Koríko dúró. Kò sí ẹni tó dá a lọ́nà mọ́. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin rìn padà sílé, kò sì jẹun dáadáa lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ ọdún Ògún, nígbà tó kàn án, Olúọdẹ Akínlàjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, sún mọ́ ọn létí. "Ọdẹ́dínà, sọ pé ìwé lo kà, pé o kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó gbà á bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́."

Ọdẹ́dínà mi orí. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ohùn rẹ̀ kò sì sókè bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ohun tí mo búra sí kì í ṣe òtítọ́. Ọgọ́fà ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká wọ̀n ọ́n, èmi ni mo ní ká má wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ìwé ló da oògùn yín nù. Èmi ni."

Akínlàjà gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta pánẹ́ẹ̀lì oòrùn fún yín lórí fóònù, ẹ béèrè gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Èyí tó gùn tó géńdé ọkùnrin, tó sì fẹ̀ tó mítà kan, nǹkan bí irínwó wáàtì ló ń mú wá. Bí èyí tó kéré jù ú lọ bá ń pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún, ẹ jẹ́ kí oníná gbé mítà rẹ̀ lé e níṣojú yín nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹnìkan bá sì ní kí ẹ wọn nǹkan, ẹ má fi ìbínú dá a lóhùn.

Ní Ìdí-Àbo, àwọn ará ọsibítù ìlú ní àwọn kò ní gbé oògùn wá mọ́ àfi bí fíríìjì bá lè tutù fún oṣù kan gbáko, fíríìjì náà sì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n fi aṣọ bò ó. Èéfín igbó sísun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láràárọ̀, kí àwọn àgbẹ̀ tó jáde, ọkùnrin kúkúrú kan máa ń ṣíwájú wọn lọ lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, ó ń na koríko lọ́tùn-ún, ó ń nà án lósì, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń lé ejò.