Òjò Tí Kò Rékọjá Òkè

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan ń gbé ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá tó tò tẹ̀lé ara wọn láti àríwá dé gúúsù. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí òkè náà kọjá sí ìhà kejì yóò rìn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí baba ọkùnrin yìí darúgbó, ó pín ilẹ̀ rẹ̀. Ó fún ọkùnrin yìí, tó jẹ́ àkọ́bí, ní ìhà tó kọjú sí òkun, ó sì fún àbúrò rẹ̀ ní ìhà kejì. Ilẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bákan náà. Kò sẹ́ni tó jà.

Òjò kì í wọ́n ní ìhà ti ẹ̀gbọ́n. Ó kàn ń gbin iṣu ni, iṣu á sì ta. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àbúrò ń gun òkè wá tọrọ èbù iṣu tí yóò gbìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ẹ̀gbọ́n fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní ọdún kẹta, ó pòṣé kó tó fún un. Ní ọdún kẹrin, ó bi í pé, "Ṣé ilẹ̀ tí bàbá fún ẹ ló kéré ni, àbí ọwọ́ ẹ ni kò gbé ọkọ́?" Àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó gbé èbù rẹ̀, ó lọ. Kò wá mọ́.

Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn òbí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró wá bá ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ dúró bíi bàbá fún un. Irú èèyàn wo ni?"

Ó ní, "Àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ọ̀lẹ ni."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, wọ́n sì fi òpin sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún àbúrò. Ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ara ìyá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò, kò yá. Ó gbéra. Kò gun òkè náà rí láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, inú igbó dúdú ló gbà, omi ń ṣàn láàárín àpáta níbi gbogbo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé orí òkè, òtútù sì mú un. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i tí afẹ́fẹ́ òkun ń ti ìkùukùu gun òkè bọ̀, tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀. Ó wo iwájú. Ìkùukùu tó bá kọjá orí òkè ń fọ́n ká, ó ń di asán. Ojú ọ̀run ìhà kejì mọ́ gaara, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Gbogbo òjò tí afẹ́fẹ́ ń rù bọ̀, orí ilẹ̀ tirẹ̀ ló ń tán sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru. Oòrùn ti fọ́ àpáta wẹ́wẹ́, igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan ló hù. Ó bá àbúrò rẹ̀ lóko, tó ń to òkúta ní ìlà-ìlà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí ìwọ̀nba òjò tó bá rọ̀ má baà gbá ilẹ̀ lọ. Ìlà náà ti lé ní ogójì.

Ara ìyá ti ń yá. Ó ní, "Kí oòrùn tó yọ ni àbúrò rẹ ti ń lọ pọnmi fún mi ní ìsun. Tó bá dé, ó di oko. Ọmọ yìí kì í sinmi."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ àbúrò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ebè mẹ́rin péré ló kọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti lé ròrò. Ó jókòó sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni àwọn ará ilé Àwẹ̀ró wá bi. Èmi ni mo sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́."

Àbúrò gbé òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọdún méjì ni mo fi ń rò ó, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ṣebí mo ṣẹ bàbá Àwẹ̀ró ni."

Ẹ̀gbọ́n tún òkè gùn padà. Kò yà sílé tó fi dé ilé àwọn òbí Àwẹ̀ró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ti ba àbúrò òun jẹ́ láìmọ̀. Bàbá Àwẹ̀ró gbé e dìde.

"Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ," ó ní. "Ẹ̀yin la bi, ẹ̀yin lẹ dá wa lóhùn, a sì gbà yín gbọ́."

Àbúrò dárí jì í nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá Àwẹ̀ró padà.

Arábìnrin mi, nítorí tìrẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí; mo mọ̀ pé o kò ní inú búburú. Lọ́la ni àwọn ọ̀gá yín yóò bi ọ́ léèrè nípa obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn, o sì ti múra láti sọ pé kì í tètè dé, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò kún tó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti dé ilé rẹ̀ rí? Ṣé o mọ ẹni tó ń wẹ̀ fún, tó ń fún lóúnjẹ, kó tó lè jáde ní òwúrọ̀? Ohun tó mú kí ọ̀nà tìrẹ rọrùn, kì í ṣe ìwọ lo dá a. Dìde, lọ kí i lónìí, kí wọ́n tó bi ọ́.