Méjìdínlógún, Márùndínlógójì

Ọkùnrin kan wà tí ó kọ́ ilé tán, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ nínú ilé náà. Òrùlé kò jò, ògiri kò lanu. Kọ́kọ́rọ́ ni ó ń dà á láàmú. Ọ̀kan wà lápò rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kẹrin sì ti sọnù ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó wọlé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó he é. Nígbà tí olè wá wọ ilé kan ládùúgbò láìfọ́ ohunkóhun, ọkùnrin náà pinnu pé òun kò fẹ́ fojú kan kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Oyèníran, jókòó dáadáa. Mo rí i pé o ń wo ẹnu ọ̀nà. O ní o ti sọ fún ìyàwó rẹ, pé ọ̀rọ̀ ti parí, o sì pa á lówe fún mi pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe náà dára. A óò padà sídìí rẹ̀. Gbọ́ ti ọkùnrin yìí ná.

Ó lọ bá àgbàlagbà kan tí ó ń ta lọ́ọ̀kì. Ó ní òun fẹ́ èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣí, tí ènìyàn kàn máa tẹ bọ́tìnì tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ọlọ́jà náà kò tíì gbé nǹkan kan jáde tí ó fi bi í pé ta ni àti ta ni ó ń gbé ilé náà. Ọkùnrin náà dáhùn pé òun ni òun ni ilé. Ọlọ́jà ní, "N kò bi yín pé ta ni ó ni ín, ọ̀gá. Mo ní ta ni ó ń gbé e."

Nígbà náà ni ó sọ fún un: òun, ìyàwó òun, ọmọbìnrin àwọn tí ó jẹ́ ọmọ oṣù méje, àti ìyá òun tí ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá máa gbé ọmọ, nítorí ìyàwó òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọlọ́jà mú méjì wá. Àkọ́kọ́ ní ihò kọ́kọ́rọ́ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ìdérí bò. Ó ní bátìrì a máa kú, ènìyàn náà a sì máa gbàgbé, kí ó mú èyí. Ọkùnrin náà kọ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tí òun ń sá fún nìyẹn. Ó mú ìkejì, èyí tí kò níhò rárá, tí ó sì máa ń ti ara rẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ti padé. Ọlọ́jà kìlọ̀ fún un pé kí ó má lo ọdún ìbí rẹ̀, kí ó má lo ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó sì máa nu ojú bọ́tìnì, torí òróró ìka máa ń fi ibi tí a ń tẹ̀ hàn. Gbogbo èyí ni ó gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí ọ̀rọ̀ olè ni. Ọlọ́jà wá fi ọ̀kan kún un. Ó ní kí olúkúlùkù ẹni tí ó ń gbé ilé náà tẹ nọ́ńbà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kó tó di pé wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ láti padé. Èyí ni kò gbọ́. Ó ti ń wo aago.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni lọ́ọ̀kì náà ń fẹ́. Ọkùnrin náà yan ọ̀kan, mẹ́jọ, mẹ́ta, márùn-ún. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ó kúrò lábúlé, ọmọ ọdún márùndínlógójì ni nígbà tí ó kọ́ ilé. Kò sí olè tí yóò ronú kàn án, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé bí òun bá ti ń wọlé, òun ń tẹ ìtàn ayé òun.

Ìyá rẹ̀ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ náà ti wà nínú mọ́tò, ó ti ṣáná sí i. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ. Ó ní, "Bí mo bá jáde ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn yìí?"

Ọmọ rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé mọ́tò. "Méjìdínlógún, márùndínlógójì, Mọ́mì."

Ìyá tún un sọ lẹ́ẹ̀kan, ó la ẹnu láti béèrè nǹkan mìíràn, gíláàsì mọ́tò sì ti ń gòkè. Ọkùnrin náà lọ. Kò tilẹ̀ rò pé òun ṣe àìdáa. Ìyá rẹ̀ kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni ó fi ka obì lójú ọjà, kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú òǹkà. Ó ní òun fi Yorùbá sọ ọ́ kí ó lè yé e. Ó ti sọ fún un.

Wàá bi mí pé kí ni ó wá ṣòro níbẹ̀. Dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sán, òjò ṣú. Ọmọ ń sùn lórí ẹní ní pálọ̀. Ìkòkò ẹ̀wà wà lórí gáàsì. Aṣọ ọmọ sì wà lórí okùn níta. Ìyá bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan, ó fi dá ilẹ̀kùn dúró, ó sáré lọ ká aṣọ. Okùn kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ká aṣọ dé ìdajì, atẹ́gùn dé. Sálúbàtà yọ̀, ilẹ̀kùn padé, lọ́ọ̀kì sì ti ara rẹ̀.

Fóònù ìyá wà lórí àga nínú ilé. Kò mọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò tíì já, nítorí ó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ, kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó lọ síwájú ilẹ̀kùn, ó sọ ọ́ sókè: méjìdínlógún. Ìyá mọ bọ́tìnì nítorí fóònù. Ó mọ òdo, ó mọ ọ̀kan títí dé mẹ́sàn-án. Méjì wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá "dín." Kò sí bọ́tìnì tí ń jẹ́ dín. Ó fò ó. Ogún, ó tẹ méjì àti òdo. Márùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn, lọ́ọ̀kì dún bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó rò pé bóyá "dín" ni òun fò. Ó rí àmì kan tó dà bí ìràwọ̀ nísàlẹ̀, ó fi ṣe dín. Iná pupa tún tàn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ogójì bẹ̀rẹ̀. Lọ́ọ̀kì dún gbọọrọ, gbogbo iná rẹ̀ sì kú. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn: ẹni tí ó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kò ní dá a lóhùn, nítorí ó gbà pé olè ni. Ìyá onílé ni olè lọ́jọ́ náà.

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ni ó kọ́kọ́ dé imú rẹ̀. Ó sáré lọ sójú fèrèsé. Irin wà lójú fèrèsé, irin tó nípọn, èyí náà nítorí olè. Ó rí ọmọ tí ó ti jí. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó dákẹ́, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Ọ̀nà ilé ìdáná ni ó dorí kọ, nítorí níbẹ̀ ni ó ti máa ń bá ìyá àgbà. Èéfín ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Ìyá figbe ta. Birikílà kan ń rẹ́ ògiri lẹ́yìn ilé kejì, ó gbé òòlù, ó sáré dé. Ó fi òòlù gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn onírin ni, kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó mi irin fèrèsé, kò mì. Ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe fún ìyá náà láti ọjọ́ tó dé. Ó dúró, ó ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún yín. Ẹ má yí i padà."

Ìyá ní, "Méjìdínlógún, márùndínlógójì."

Birikílà mú èédú nílẹ̀, ó fi kọ ọ́ sórí ògiri: ọ̀kan, mẹ́jọ, mẹ́ta, márùn-ún. Ó rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kì ṣì ń sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Oyèníran, birikílà yẹn ni ó ń bá mi ṣe ògiri ìta yìí. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyá náà fi ojú mọ́ irin fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ní oríkì. Kò pariwo. Àyọ̀ká, ó ní. Àyọ̀ká ọmọ mi, Àyọ̀ká máa bọ̀. Ọmọ ń lọ. Ó tún un pè. Ó pè é bí ó ṣe máa ń pè é bí ó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ohùn kan náà, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ dúró. Ó wo ẹ̀yìn. Ìyá tún un pè, ó tún un pè, kò sú u. Ọmọ yí padà, ó ń rákò bọ̀ wá sídìí fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wúkọ́.

Lọ́ọ̀kì tan iná. Birikílà tẹ ọ̀kan, mẹ́jọ, mẹ́ta, márùn-ún. Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n pa gáàsì. Ìkòkò ti dúdú tán, aṣọ ìnuwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń jó.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́ òórùn, ó rí ìkòkò, wọ́n sì ro ìtàn fún un. Ẹ̀rù bà á débi pé inú bí i. Ó ní, "Ṣebí mo ti sọ fún yín, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ ṣì pọn ọmọ náà. Ó ní, "O sọ fún mi. Mo sì di ohun tí o sọ mú, birikílà jẹ́rìí. Bí mo ṣe ń ka obì ni o ṣe ka nọ́ńbà fún mi, ilẹ̀kùn rẹ kò sì gbọ́ Yorùbá." Ó tún ní, "Èkùrọ́ ni mo fi kọ́ ọ ní ení, èjì. Nígbà tí o dé ẹẹ́dógún, o ń ṣì í. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́ fún ọ, kí n wá gun ọkọ̀ lọ?"

Ọkùnrin náà mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró níbẹ̀ títí ìyá fi tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìtàn náà tán. Ìwọ ló kù.

O ní o ti sọ fún ìyàwó rẹ. Mo bi ọ́ pé báwo, o ní bí o ṣe ń wọ bàtà láàárọ̀ ni o sọ pé dókítà ní kí o dín nǹkan dídùn kù. Dín, Oyèníran. Bọ́tìnì wo ni kí ó tẹ̀? Obìnrin náà ṣì ń fi ṣúgà sí ògì rẹ bó ṣe máa ń fi sí i, o sì wá ń rojọ́ rẹ̀ fún mi pé kò bìkítà. O kò sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ni. O kò fi egbò ẹsẹ̀ rẹ hàn án, ìbọ̀sẹ̀ ni o fi ń bò ó. O kò sọ fún un pé dókítà ní bí egbò náà kò bá jiná, wọ́n lè gé ẹsẹ̀. Èmi tí kì í ṣe ìyàwó rẹ ni o sọ ọ́ fún, o sì fẹ́ kí ó ti àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ odindi. Má fi òwe bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà fún ohun tí a jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìwọ nìkan mọ̀, odindi ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà nígbà tí o bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Padà sílé nísinsìnyí. Jókòó tì í, kí o bọ́ bàtà, kí o jẹ́ kó fojú rí i. Sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, títí kan èyí tí ó ń dẹ́rù bà ọ́. Lẹ́yìn náà, ní kí ó sọ ọ́ padà fún ọ. Bí ó bá ṣì í, tún un sọ. Ṣe é lónìí, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.