Iye Tó Kọ Pípín

Ọkùnrin kan wà tí ìlú rẹ̀ fi ṣe alága oko ọ̀pẹ tí wọ́n fẹ́ dá fún ilé ìwé wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú ọmọ ọ̀pẹ kan wá. Àdéhùn wọn ni pé iye ìlà tó bá wu alága ni kó fà, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹyọ kan kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ́kù yóò ní wọn kò ka òun sí, ìlú náà kò sì kọ ìjà. Bí kò bá ti dọ́gba, kí kálukú gbé ọ̀pẹ rẹ̀ padà sílé, kí oko parí síbẹ̀.

Gbogbo ilé ló mú tiwọn wá. Àbúrò alága náà gbé tirẹ̀ dé, ṣùgbọ́n alága dá a padà lẹ́nu ọ̀nà oko, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ti wà láàárín wọn láti ọdún méje sẹ́yìn. Ó ní, "Kí ni ẹyọ kan fẹ́ bàjẹ́?"

Ó kọ iye wọn sínú ìwé: 1,999. Ó fi mẹ́ta pín in, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó fi méje pín in, mẹ́rin ṣẹ́kù. Ogójì ńkọ́? Mọ́kàndínlógójì ló ṣẹ́kù! Àfi kó tò wọ́n ní ìlà kan ṣoṣo tí yóò gùn wọ oko ìlú kejì. Ọjọ́ kẹta nìyí, oòrùn ń jó àwọn ọmọ ọ̀pẹ, àwọn kan sì ti ń múra àtiru tiwọn lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sáré tọ ìyá arúgbó tó kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà èwe rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbà mí, Mà. Iye yìí ò pín."

Ìyá wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín. "Kò lè pín, Alága. Àfi kí o fi ọ̀kan pín in, tàbí òun fúnra rẹ̀. Irú iye bẹ́ẹ̀ pọ̀. Pe orúkọ rẹ̀ kí n gbọ́."

Alága pè é ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Èyí tí bàbá rẹ ń pè é ni mò ń bèèrè."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹgbàá ó dín kan."

"Ó dín kí ni?"

"Ó dín kan, Mà."

"Ta lonítọ̀hún?"

Ojú tì í. Ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Ọmọ ọ̀pẹ náà wà nínú agolo lẹ́yìnkùlé, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Wọ́n ti ń bomi rin ín. Ó nira fún ẹ̀gbọ́n láti bẹ àbúrò, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ ẹ́. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, gbé e ká lọ."

Bí ọ̀kan yẹn ti wọlé, iye alágídí di onígbọràn. Ó gba méjì, ó gba márùn-ún, ó gba ogún. Ogójì ìlà ni wọ́n gbìn, àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìpàdé ẹbí yín ti túká lọ́dún yìí, o sì ń sọ pé ẹbí yín ló le. Wọn kò le. Àwọn baba wa kò fi ohun tó kù díẹ̀ kó pé ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó ń lọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan ló dín nínú yín, o sì mọ ilé rẹ̀. Wọ bàtà rẹ, kí o máa lọ.