Òjé Lọ Tọ́ Ayé Wò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbìrìgbìrì, ó já sínú ihò òkúta, ó dá lórí Ògúnjìnmí alágbẹ̀dẹ, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀, àti ìbejì tí òkè bí. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá sùn, kó má bi mí ní ìparí rẹ̀ lọ́la o.

Ní àtijọ́, nígbà tí inú ilẹ̀ ṣì ń hó bí ìkòkò, omi gbígbóná ń wá ọ̀nà jáde láàárín òkúta. Ibi tí òkè ti sán ni omi náà tutù sí, ibẹ̀ ló sì bí ìbejì sí: òjé àti fàdákà. Inú òkúta dúdú kan náà ni wọ́n sùn sí, òkúta tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ láti fi lé tìróò.

Àkíkà, ẹran onípẹ́ tó ń gbé inú òkè náà, ló fi ọ̀nà han Ògúnjìnmí. Ó ní bó bá fi òkúta náà síná, òjé ni yóò kọ́kọ́ ṣàn jáde. Bí iná bá sì pẹ́ lórí òjé, fàdákà ni yóò kù nílẹ̀ tí yóò máa dán.

“Táyé ni òjé, Kẹ́hìndé ni fàdákà,” ni Àkíkà wí. “O mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì. Ohun tí o bá ṣe fún ọ̀kan, ṣe é fún èkejì. Bí o bá fún Kẹ́hìndé nílé, fún Táyé náà nílé: dá a padà sínú ihò.”

Orin ló ń ṣí òkè náà, orin ọ̀hún kò sì pé láìsí ẹni tó ń gbè é. Àwẹ̀ró ló máa ń gbè é. Ohùn ọmọ náà dùn, mo ń sọ fún yín. Ẹ bá mi gbè é:

Òkè o, baba òkúta,
Kìnrìnjìn!
Ṣílẹ̀kùn kí n gbé ìbejì,
Kìnrìnjìn!
Méjì ni mo gbé, méjì ni n ó pọ̀n,
Kìnrìnjìn!

Òkè ṣí, gbàà! Ògúnjìnmí wa òkúta, ó yọ́ ọ. Ó gbé fàdákà relé, ó dá òjé padà. Odò ìsàlẹ̀ òkè mọ́ gaara, Àwẹ̀ró ń pọn omi rẹ̀, ó ń mu ún.

Ó tún lọ. Ó kọrin, Àwẹ̀ró gbè é, òkè ṣí, gbàà! Ṣùgbọ́n olorì ti ń fẹ́ ẹ̀gbà fàdákà, àwọn ìjòyè náà ń fẹ́. Òjé wúwo, ihò sì jìn. Ó dá ìdajì padà, ó da ìdajì sétí odò. Àkíkà ní, “Ògúnjìnmí, Táyé ń sùn níta.” Alágbẹ̀dẹ ní òun á gbé e tó bá di ọ̀la. Ọ̀la náà kò dé.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kọrin, Àwẹ̀ró gbè é, òkè ṣí, gbàà! Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo òjé ló dà sódò, gbì, gbì, gbì. Àkíkà bínú, alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín.

“Ṣebí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Táyé ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Kí àbúrò lọ jókòó sódò.”

“Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán Táyé?” ni Àkíkà bi í.

Ògúnjìnmí gbé fàdákà rẹ̀, ó ń relé. Àbí ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní kó lọ tọ́ ayé wò ni.

Táyé lọ. Ó tọ́ omi wò. Ó tọ́ ẹja wò. Ó tọ́ Àwẹ̀ró wò.

Inú rírun ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò.

Ọkùnrin náà ṣe mí láàánú, n ò ní purọ́. Ó ru gbogbo fàdákà rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ sẹ́nu òkè kó lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó kọrin:

Òkè o, baba òkúta…

Ó dúró de ègbè. Àwẹ̀ró ń wò ó. Ó tún un kọ. Àwẹ̀ró ń wò ó. Òkè kò ṣí.

Láti inú lọ́hùn-ún ni Àkíkà ti dá a lóhùn. Ó ní, “Òkè kò kọ̀ ọ́ o. Kò gbọ́ ègbè ni.”

Ògúnjìnmí wọ odò, ó ń ṣa òjé títí ó fi darúgbó. Kò ṣà á tán. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kì í mu omi náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá sọ nù kì í lọ jìnnà, ilé ẹni ló ń padà sí. Ẹni tó bá ń jẹ èrè ilẹ̀, kó tọ́jú ìdọ̀tí rẹ̀ bó ti ń tọ́jú èrè.

Ibi tí àlọ́ mi yí gbìrìgbìrì dé rèé. Bí mo bá purọ́, ẹ má gbè mí mọ́. Bí n kò bá purọ́, ẹ bá Àwẹ̀ró gbè é lẹ́ẹ̀kan péré.

Kìnrìnjìn.