Ta Ló Ni Iṣẹ́ Fádérera?

Ìwádìí Dókítà Fádérera ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń tọ́ka sí jù ní yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládìípọ̀, alága ìgbìmọ̀ ìgbéga, fàáké kọ́rí: “O ò ní di ọ̀jọ̀gbọ́n àfi bí ẹ̀ka kan bá gbà pé tiwọn niṣẹ́ rẹ.” Ọ̀gá ẹ̀ka Físíìsì ní, “Ọpọlọ èèyàn ló ń wádìí, kì í ṣe tiwa.” Ọ̀gá ẹ̀ka ìmọ̀ ọpọlọ ní, “Físíìsì ló kún inú ẹ̀, ẹ gbé e lọ.” Fádérera ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. “Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ka méjèèjì ló ń ka iṣẹ́ mi mọ́ tiwọn nínú ìròyìn ọdọọdún wọn láti fi yangàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lónìí.” Ọ̀gá Físíìsì fò dìde: “Ká yọ kí ni? Ọmọ wa ni!” Èkejì ti di báàgì Fádérera mú: “Irọ́ ni, tiwa ni!” Ládìípọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀jọ̀gbọ́n Fádérera, ẹ tètè jókòó, kí wọ́n má baà fà yín ya.”