Omi Gbóná fún Ẹ̀yìn Ẹṣin

Ọdún tí Gàníyù yóò gun ẹṣin agbo-ilé wọn lọ kí ọba ku ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí gàárì bá ti kan ẹ̀yìn ẹṣin náà báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá. Inú bí Gàníyù, ó fa pàṣán yọ.

Ìyá Sìfáwù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó máa ń wẹ abiyamọ, gba pàṣán náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Jẹ́ kí n fi omi gbóná tọ́jú rẹ̀ bí mo ti ń ṣe fún abiyamọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Akọ ni, Ìyá. Kò bímọ.”

“Ìwọ tó ń gùn ún ńkọ́? Ṣé o fúyẹ́ ju oyún lọ ni?”

Ó ki aṣọ bọ omi gbóná, ó fún un, ó kọ́kọ́ fi kan apá ara rẹ̀ wò, ó wá tẹ́ ẹ sẹ́yìn ẹṣin. Lẹ́yìn náà ló fi òrí wọ́ ẹ̀yìn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin gbọ̀n, ó mí kanlẹ̀, orí rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ bí ọmọ tí oorun ń gbé lọ. Gàníyù fọwọ́ kàn án. Ibi tó le bí igi ti ń yọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, ẹṣin gba gàárì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé Gàníyù dé iwájú ọba, ó sì gbé e padà. Bí ará ilé ti ń kí Gàníyù kú oríire, ó ti ń tú gàárì, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti gbé omi kaná.