Ọwọ́ Ọ̀tún Ọdẹ́wùmí

Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tí Ọdẹ́wùmí ń lò. Baálẹ̀ ìlú Agbẹ́dú ló ń fi tipátipá kó àwọn èèyàn lọ sóko rẹ̀. Níbẹ̀ ni igi ti wó lu ọwọ́ ọ̀tún Ọdẹ́wùmí, tí wọ́n sì ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí Baálẹ̀ kú, ẹnu Ọdẹ́wùmí ni ìlú ń wò. Ó ní kí wọ́n má fi baálẹ̀ mìíràn jẹ, kí kálukú jẹ́ ọba ara rẹ̀. Kò sí ọ̀wẹ̀ mọ́, kò sí àáró. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ aládùúgbò tàbí fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀, àfi bí olóhun bá pè é. Gbogbo ìlú fi òfin náà búra. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ọdẹ́wùmí fi ń yangàn pé òun ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ kan, Àwẹ̀ró lọ sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni iná ràn mọ́ àká tí gbogbo èbù iṣu wọn wà. Bí èbù bá jóná, kò sí ohun tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ebi ló kù. Ọdẹ́wùmí gbé igbá ńlá, ó sáré lọ sódò. Ó pọnmi kún un, ó fi ọwọ́ òsì gbé e, igbá dojú dé. Ó tún pọn ọ́n, ó tún dà nù. Ọkùnrin mẹ́ta dúró létí odò, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń fà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀jẹ́lérè, ọmọ aládùúgbò rẹ̀, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Bàbá, a rí èéfín náà. Ẹnu yín là ń dúró dè. Òfin yín ò jẹ́ ká fọwọ́ kan igbá yín.”

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́wùmí rántí ọwọ́ tó máa ń wà lábẹ́ igbá náà láràárọ̀. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ni. Látọjọ́ tí igi ti wó lù ú, òun ò dá gbé igbá kan rí. Ojú tì í gidigidi.

“Ẹ gbé e rù mí,” ó wí. “Ẹ dákun, ọmọ mi.”

Wọ́n gbé e rù ú, wọ́n tún pọn tiwọn, wọ́n sì sáré tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n bá. Ọdẹ́wùmí jókòó sílẹ̀, ó sunkún lójú gbogbo wọn.

Kó tó di àsìkò ìgbìn, oníkálukú ti gbé èbù díẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè wọ́n. Ìlú ò fi ipá múni ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá ọmọnìkejì rẹ̀ nídìí ẹrù kì í dúró kí wọ́n pe òun kó tó nawọ́. Láti ọdún náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.